Orúkọ Inú Fóònù

Aago márùn-ún ìdájí ní Géétìshẹ́ẹ̀dì,
òtútù ti kun gíláàsì kántíìnì wa ní ẹfun.
Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń wọlé, wọ́n ń gbọn òjò dànù,
èmi ń po tíì, mo ń gé búrẹ́dì sí méjì-méjì.

Kẹ́ẹ̀fù, oníkùn bí àpò ìrẹsì, ló kọ́kọ́ fọhùn:
"Wọ̀ lás ò jẹ́ kí n sùn lánàá."
Mo bi Dọ́ọ̀nù, ọmọ tó ń gbowó, kí ni wọ̀ lás.
Ó ní, "Ọmọbìnrin wa. Ìyàwó rẹ̀ ló ń wí."
"Wa" kẹ̀? Òun àti ta ni?
Mo rẹ́rìn-ín títí omi gbígbóná fi ta sí mi lọ́wọ́,
kí n tó rántí ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ n'Íléṣà:
ọmọ ọdún méje, imú rẹ̀ ń ṣàn, ó na ìka sí mi,
"Ìyàwó wa dé!"
Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní ìyàwó òun ni mí.
Arúgbó tí kò ríran mọ́ fọwọ́ wá ojú mi kiri,
ó ní ìyàwó òun ni mí.
Kẹ́ẹ̀fù, máa wí. Mo gbọ́ èdè rẹ.

Ti Télì, tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá, yàtọ̀.
Bí inú rẹ̀ bá dùn, a ní "Ẹni-inú-ilé";
bí wọ́n bá jà, a ní "Wàhálà-òun-Aáwọ̀",
torí ó bá "ìyàwó" dún pọ̀ lédè tiwọn, bẹ́ẹ̀ ló wí.
Ìyàwó tó ń bá a wọ ìbọ̀sẹ̀ láràárọ̀
nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún!

Ti Dọ́ọ̀nù ló pa mí jù.
Lẹ́tà méjì péré ló tẹ̀ sójú fóònù: O, H.
Mo rò pé ó ń mí kanlẹ̀ ni.
"Oò! Kí ló dé, ọmọ mi? Ta ló kú?"
Ó ní rárá o, ìdajì òun yòókù ni.
Mo wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi, mo wo búrẹ́dì.
Ìdajì wo? Èyí tó ní bọ́tà, àbí èyí tó gbẹ?

Màámi ò pe orúkọ bàbá mi rí.
Ní ọsibítù, akọ̀wé ní kí ó dárúkọ ọkọ;
kálámù ń dúró, èrò ń dúró, ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu.
Màámi tẹrí ba, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí.
Ọmọ ọdún mẹ́fà, mo lanu: "Ládépò Ọ̀ṣúnníyì."
Màámi ò wò mí mọ́ títí a fi délé.
Síbẹ̀, bí wọ́n bá pa fìtílà lálẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ
tó ń pè é ní "Tèmi", jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọkọ mi náà ń wa bọ́ọ̀sì, ọ̀nà Báíkà.
Ọjọ́ ibà nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró;
bí ara bá le, "Ṣé o gbọ́" ni mò ń jẹ́.
Lánàá ó gbàgbé fóònù rẹ̀ sórí káńtà.
Mo fi tèmi pè é,
kí n mọ̀ bóyá ìdajì ni mí, bóyá wàhálà.
Fóònù gbọ̀n bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi. Ojú rẹ̀ tàn:
ILÉ.

Inú bí mi. Ilé! Èmi, bíríkì àti páànù?
Nígbà tó dé, mo bi í, mi ò jẹ́ kí ó jókòó.
Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ìka kan, ìka kan.
Ó ní nọ́ńbà ìyá òun ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Lọ́dún tí wọ́n sin ín, òun ò lè pa orúkọ náà rẹ́.
Nọ́ńbà nìkan ni òun pààrọ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo lè wí. Mo bu tíì fún un.
Kẹ́ẹ̀fù ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà pé òun ti pẹ́,
pé wọ̀ lás á pa òun.
Dọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí mi létí: ó ti pé ọdún kan
tí obìnrin náà ti kó lọ bá ẹlòmíràn ní Sọ́ńdálàǹdì.