Ọmọ-ogun Tí Kì Í Rántí Ojú

Mo pè ọ́ láti ẹ̀yìn, Ivaana,
o ò dáhùn. Mo fẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀
kí ìró gba àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ wọlé.
Ìgbà náà lo yíjú.

Ajá mọ́kànlá ń hu lórí àpáta,
yìnyín ń là gbàà ní èbúté Aasiaat,
o ní, "Màmá, òní mà dákẹ́ o."
Wọ́n ní bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́.
Etí rẹ ni ò gbọ́;
inú mi ló bàjẹ́.

Ìgbà kẹfà rèé tí omi padà sẹ́yìn awọ etí rẹ,
ó ki bí ọ̀rá séálì.
Dókítà Thorkild gba ẹ̀jẹ̀ rẹ, ó fi ránṣẹ́ sí Nuuk.
Ó ní ọmọ-ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yìí,
wọ́n mọ ìjà jà,
ṣùgbọ́n wọn kì í rántí ojú ọ̀tá.
Kòkòrò tí wọ́n lé lọ lóṣù kejì
padà dé lóṣù kẹrin,
wọ́n ń kí i káàbọ̀ bí àlejò.

Ìyá àgbà Bibiane fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀:
"Etí bàbá rẹ̀ náà ṣọyún títí tó fi gbéyàwó."
Mi ò fèsì. Èmi ni ìyàwó.

Wọ́n ki ọ̀pá kékeré kan bọ awọ etí rẹ,
kò tó hóró ìrẹsì.
Lóru, o jí mi:
"Màmá, ta ló ń kùn ní ilé ìdáná?"

Fíríìjì ni.
A jókòó tì í, a ń gbọ́.
Mi ò tíì sọ fún ọ pé ọ̀pá náà á jábọ́.