Afárá Ọjọ́ Méjì

Láti Ajé dé Ẹtì,
Bíàù ń fi ẹfun kọ́ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní ìṣirò.
Ní Àbámẹ́ta ó di kápórà,
bàtà ń ta á ní àtàǹpàkò.

Télọ̀, bíríkìlà, ẹni tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò,
wọ́n jọ ru irin lọ sétí Ọ̀pàrà.
"Ẹ rọra! Ìka mi!"
Kí oòrùn tó kàn wá lórí, odò ti ní ẹ̀yìn.
Ìyá Adúnọlá ru ẹ̀gẹ́ kọjá,
kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti ń tú u
nígbà tí ohùn kan ké lódìkejì:
"Ẹ̀yin ọmọ, èmi ńkọ́?"

Bíàù wo ọ̀gá. Ọ̀gá wo aago.
Wọ́n tún sọ irin kalẹ̀ látinú ọkọ̀
nítorí agbọ̀n òfìfo kan.

Láàárọ̀ Ajé, ẹfun ń bọ́ lọ́wọ́ tíṣà.