Ojú Tó Ń Kà Wá

Ní Winnipeg, lóṣù kejì, nígbà tí yìnyín ti di òkúta lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n gbé ojú kan kọ́ sára òpó iná níkòrítá wa.
Kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ.
Ó ń kà wá.
Ó ka ọkọ̀, ó ka kẹ̀kẹ́,
ó ka arúgbó tó ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ lábẹ́ yìnyín,
ó ka èmi náà, àlọ àti àbọ̀ iṣẹ́ alẹ́.
Ìlú ọlọ́gbọ́n, ni ìwé tí wọ́n há fún wa wí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ gbá Màmá Hrynchuk.
Kò kú. Itan rẹ̀ ló kán,
ọ̀dùnkún inú àpò rẹ̀ sì fọ́n ká ojú títì.
Èmi ni mo ṣà á, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tòun tìbọ̀wọ́.

Mo ní, ó dáa: ojú tó ń kà wá yóò ti mọ
iye ọkọ̀ tí kì í dúró níbí.
Mo gba gbọ̀ngàn ìlú lọ. Delphine ló wà lórí àga,
ọmọlúàbí, ó po tíì fún mi, ó ní:
“Ẹ̀ka ọ̀nà ló ni òpó, ẹ̀ka iná ló ni wáyà,
ilé-iṣẹ́ kan ní Toronto ló ni ojú.
Ohun tí ojú bá rí, ẹ lọ bi agbẹjọ́rò.”
Agbẹjọ́rò ní àṣírí ará ìlú ni.
Mo ní èmi gan-an ni ará ìlú.
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí abájọ nìyẹn.

Bàbá mi a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà.
Kò rí ojú tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wà ní Toronto.

Mo kọ fọ́ọ̀mù. Mo sanwó fọ́ọ̀mù.
Yìnyín yọ́. Ẹ̀fọn jẹ wá dé eegun.
Oṣù kẹjọ ni èsì tó dé: ojú ewé mọ́kànlélógójì,
ìwé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, tí wọ́n wá fi yíǹkì dúdú dí lẹ́nu,
nọ́ńbà wọn ò ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.
Orúkọ òpópó wa ò sí níbẹ̀, kóòdù ló wà níbẹ̀,
ìwé tó túmọ̀ kóòdù sì wà lọ́wọ́ ẹ̀ka mìíràn.

N ò bínú sí Delphine.
Bó ṣe ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
“Kì í ṣe ahun là ń ṣe. Ẹ̀rù ló ń bà wá.
Bẹ́ ẹ bá kà á, ẹ ó rí ọjọ́ tá a ti mọ̀
tá a sì jókòó.”

Ní báyìí, Màmá Hrynchuk ń bẹ lójú fèrèsé,
ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí, pẹ́ńsù lọ́wọ́,
ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì lórí itan tó ń jinná.
Ilà mẹ́rin, ìkarùn-ún a dábùú.
Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ṣírò rẹ̀,
mo máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùdókọ̀, lẹ́tà gàdàgbà,
kí ẹni tí kò gbé dígí rẹ̀ wá náà lè kà á.

Àwọn èèyàn ń dúró. Wọ́n ń kà á.
Lókè, láìsẹ́jú,
ojú náà ń ka àwa tó ń kàwé.