Ta Ní í Tú Iké?

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kó wa jọ
sí yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn Kétu,
níbi tí fáànù ń yí tí kò fẹ́ atẹ́gùn.
Mo ti múra oorun.
Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń gbẹ̀bí;
kí ni ọmọbìnrin tó ti Àjàṣẹ́ wá fẹ́ kọ́ mi
nípa ká jẹ́ olórí?

Kò tíì kọ́ wa ní nǹkan kan. Ó bèèrè ni:
"Ní wọ́ọ̀dù yín, ta ló ń bẹ̀rù yín?"
Mo rẹ́rìn-ín, mo bojú wẹ̀yìn.
Ráfíátù tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi
ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni.
Aláboyún méjì, orúkọ kan náà:
Àṣàkẹ́ ará Òpómẹ́ta, Àṣàkẹ́ ará Ìlárá.
Ti Ìlárá kò gbọdọ̀ gba pẹnisílíìnì,
bíírò pupa ni wọ́n fi kọ ọ́.
Mo gbé abẹ́rẹ́.
Ráfíátù lanu.
Mo wò ó.
Ó panu dé.

Ojú Àṣàkẹ́ wú bí àkàrà inú epo.
Ọlọ́run ló bá wa gbà á, kì í ṣe ọgbọ́n mi.
Lọ́jọ́ kejì mo kọ ọ́ sínú ìwé:
"Ara aláìsàn kọ oògùn."
Ara aláìsàn!
Bí ẹni pé ara ló ṣẹ̀.

Kétu ni wá, a mọ ìbéèrè tó sọ ìlú lórúkọ:
ta ní í tú iké? Ta ní í na ẹ̀yìn abuké kó tọ́?
Láti kékeré ni mo ti ń fi í yangàn.
N kò mọ̀ pé èèyàn lè gbé iké wọṣẹ́
lábẹ́ aṣọ funfun.
A sì máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ;
kèrègbè ni a kì í sábà rántí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí n sọ fún Dókítà Ògúbíyì,
lójú gbogbo èèyàn: "Ẹ dúró."
Ọ̀rọ̀ méjì péré.
Òógùn bò mí.
Dókítà ń tẹ fóònù rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Lánàá, aago méjì òru, iná ti lọ.
Mo mú àpò ẹ̀jẹ̀ dání, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi.
"Màmá, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká ka orúkọ."
Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n.
N kò ní purọ́: inú bí mi,
ó gòkè dé ọ̀fun. Mo gbé e mì.
A ka orúkọ, a ka nọ́ńbà.
Ó tọ̀nà. Àṣìṣe kankan kò sí.

Mo ní, "O ṣé."
Ó ṣì ń dúró de èébú.
Mo yọ tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu,
mo tún un sọ.