Agolo Fíìmù Abẹ́ Ibùsùn

Ọkùnrin náà ti Èkó wá,
ó fi bàtà funfun tẹ yẹ̀pẹ̀ pupa Kínnírá.
Ó ní òun gbọ́ pé agolo kan wà lọ́wọ́ mi,
agolo ribiti bí ìdérí ìkòkò,
tí ìpẹtà ti jẹ létí.

Mẹ́ta ló kù láyé tẹ́lẹ̀, ó ní.
Ọ̀kan ti jóná. Ọ̀kan ń bẹ lọ́dọ̀ arúgbó kan lókè òkun
tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.
Orí ẹ̀kẹta ni bàbá mi ń gbé fìlà rẹ̀ lé kó tó kú.

Ta ni kò mọ fíìmù ọ̀hún ní Àpákẹ́ nígbà náà?
Ọkọ̀ òfurufú tó jọ ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé,
okùn tó gbé e dúró hàn gbangba,
ó ń mì bíi máńgòrò nínú ìjì.
Àwọn ará òṣùpá ń sọ èdè tí a ò gbọ́,
àwọn ará ayé inú rẹ̀ náà ń sọ èdè tí a ò gbọ́,
bàbá mi, Ìyíọlá onísinimá,
á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun, igi gígùn lọ́wọ́,
á máa túmọ̀:
"Ó ní ìyá òun ń ṣàìsàn. Ó ní omi ti tán nílùú àwọn."

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Fíìmù náà kò ní ìparí, iná ti jẹ ẹ́.
Bí àwòrán bá já, tí kòkòrò ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ òfìfo,
bàbá mi á bá a lọ:
lọ́dún kan wọ́n padà sílé,
lọ́dún kan wọ́n balẹ̀ sóko kajú, wọ́n fọmọ ìlú wa ṣaya.
Lọ́dún tí màmá mi kú, kò sọ̀rọ̀.
Ó kàn jẹ́ kí iná náà máa tàn.

Àlejò ṣí agolo. Òórùn rẹ̀ jáde, ó kan bí ògì ọjọ́ mẹ́ta.
Ó nà án sí ojú fèrèsé, ó ń wá nǹkan kan, ó ń wá a,
"Okùn náà! Okùn náà rèé!"
omi lé ròrò lójú rẹ̀.
Ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n ní ará ilé.

Mo tà á. Ẹ má bú mi, òrùlé ń jò.

Ó ti wọkọ̀ tán kó tó yọjú bi mí
bóyá mo mọ bó ṣe parí.
Mo wo oòrùn tó ń wọ̀ lẹ́yìn igi máńgòrò.
Ọwọ́ mi ti ń wá igi gígùn.
"Pa ẹ́ńjìnnì ná," mo ní.