Ẹni Tó Ń Darí Eku

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń lu òǹtẹ̀
ní ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílùú Pune,
àjà kejì, yàrá tí òjò ń jò sí.
Mo mọ ọwọ́ ju ojú lọ.
Láyé ìjọ́sí, ọwọ́ tó ń na ìwé sí mi kì í sábà pé:
ẹ̀rọ tó ń gé irin ti jẹ ìka kan lọ lára ti Dhumal,
ọwọ́ Kamble dúdú fún gírísì tí ọṣẹ ò rí ṣe.
Ẹni tó bá rí wọn ò ní í bi wọ́n léèrè iṣẹ́.

Nísinsìnyí, ọwọ́ tó ń wọlé ń dán.
Ìka wọn pé mẹ́wàá-mẹ́wàá, èékánná wọn mọ́.
Okùn káàdì ṣì wà lọ́rùn wọn,
káàdì ò sí nídìí ẹ̀ mọ́.
Wọ́n á kí mi ní "sà", wọn ò ní mọ ibi tí wọn yóò jókòó sí.

Mugdha Karandikar wá lọ́jọ́ Ẹtì, agbòjò rẹ̀ ń kán sílẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń bá wọn tún ẹ̀rọ báǹkì ṣe lóru,
kí owó àwọn ará òkè òkun má baà sọnù lójú oorun.
Ó ní wọ́n pe òun sí yàrá onígíláàsì kan,
ẹni mẹ́ta, ife omi kan,
wọ́n ní kí òun fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́ pé òun fẹ́ lọ.
"Ogún ìṣẹ́jú. Bí o ò bá kọ ọ́,
a ó kọ tiwa, ibi tó o bá tún wáṣẹ́ dé ni yóò bá ọ dé."
Ó kọ ọ́.
Kó tó padà dé ìdí tábìlì rẹ̀,
kọ̀ǹpútà ti ní òun ò mọ̀ ọ́n rí.

Wọ́n ti ọmọ sódò,
wọ́n ní ó lọ lúwẹ̀ẹ́ ni.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọba pè wọ́n, wọn ò wá.
Ìgbà kejì, wọ́n ní àwọn ò rí lẹ́tà gbà.
Lẹ́tà wo? Itọ́ ẹnu mi ni mo fi lẹ àpòòwé rẹ̀.
Ìgbà kẹta, lọ́yà kan dé,
bàtà rẹ̀ ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀ níta.
"Màdáámú Jondhale, òfin yín, ti òṣìṣẹ́ ni.
Obìnrin yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́.
Máníjà ni. Ẹ wo ipò rẹ̀ nínú ìwé."

Màdáámú yọ awò ojú rẹ̀.
"Ta ni ò ń darí, Mugdha?"
Ọmọ náà ronú. Fáànù ń yí lókè.
"Eku kan ni, mà. Eku kọ̀ǹpútà mi.
Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń darí rẹ̀.
Wọ́n ti gba òun náà."

Ẹ̀rín pa wá, àfi lọ́yà.
Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ ọ̀tún yẹn:
ó fi báńdéèjì di ọrùn ọwọ́,
iṣan wú lábẹ́ rẹ̀ bí okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀.
N ò rí i tẹ́lẹ̀.
Èmi tí mo ní mo mọ ọwọ́.

Màdáámú ò dá ẹjọ́ náà lọ́jọ́ yẹn.
Ìjọba kì í sáré; ẹlòmíràn ní kò tilẹ̀ ń rìn.
Ó kàn pàṣẹ pé kí wọ́n kó orúkọ wá,
gbogbo ẹni tó "fẹ́ lọ" láti oṣù Kẹrin,
àti aago tí oníkálukú fọwọ́ sí i.
Lọ́yà ní wọ́n pọ̀ jù.
Màdáámú ní, "Ìdí tí mo fi bèèrè nìyẹn."

Tádàwà òǹtẹ̀ mi ti ń gbẹ.
Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, ó hàn bàìbàì.
Mugdha na ọrùn. "Bàbá, ṣé wọ́n á rí i kà?"
Mo mí sí i, bí ènìyàn ṣe ń mí sí awò ojú,
mo tún un lù.
Tábìlì mì.
Lọ́yà bojú wẹ̀yìn.