Òkè Kan Ṣoṣo

Èkó ò lókè, àfi afárá.
Mo gbé Sìnótù àti Ràímì sínú àpótí
tí wẹ́dà Òyìngbò jó mọ́ iwájú kẹ̀kẹ́ mi;
pákó ibùsùn ìyá mi ni mo tẹ́ sí i nídìí.
Láti Ìdúmọ̀tà, ọ̀nà ń ga díẹ̀díẹ̀,
orúnkún mi ń ké bí ìlẹ̀kùn àtijọ́.

"Bàbá, ṣé ká sọ̀kalẹ̀?"
"Ẹ jókòó."
Ràímì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka òpó iná,
ó fo méje, ó tún padà sí mẹ́ta.

Lókè téńté, atẹ́gùn ọ̀sà gba fìlà mi lọ.
N ò dúró. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti dé:
mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà,
àwọn méjèèjì lanu sí afẹ́fẹ́,
ẹ̀rín wọn ṣáájú wa dé Ìdó.